Irin Tí Mo Kó Sínú Ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀rù omi máa ń bà mí. Mo kúkú fẹ́ tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́, nítorí pé gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ní etí omi Ọ̀jọ́ ló ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tán. Apá Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bí mi, níbi tó jẹ́ pé inú kànga ni omi wa ń gbé, tí kì í jáde wá bá ẹnikẹ́ni. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó wá kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà ní Òkòkòmáíkò, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń jó irin bọ́ọ̀sì: àga, ilẹ̀kùn, òrùlé, ọ̀pá tí èrò ń dì mú. Iṣẹ́ orí ilẹ̀ ni. Bí bọ́ọ̀sì bá bàjẹ́, èèyàn á sọ̀ kalẹ̀, á dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, á máa bú dírẹ́bà. Bí ọkọ̀ ojú omi bá bàjẹ́, mi ò mọ ibi tí èèyàn máa dúró sí tí á ti bú ẹni tó ń wà á.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ò rí bẹ́ẹ̀ ní tiwọn. Wọ́n fẹ́ ọmọ Ọ̀jọ́, wọ́n kọ́lé sí etí omi, wọ́n sì ra ọkọ̀ fáíbà kékeré kan, àlòkù, tí wọ́n fi ń kó àwọn tíṣà lọ sí erékùṣù òdìkejì láràárọ̀. Nígbà tí wọ́n kú, àwọn ará ilé dojú ọkọ̀ náà dé sí ẹ̀yìn ilé, àwọn adìyẹ sì sọ abẹ́ rẹ̀ di ibi ìyẹ́yin. Ọdún mẹ́rin ló fi wà bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti ilé mi ní Ìbà wá kí ìyàwó wọn, mo máa ń rìn jìnnà díẹ̀ sí ọkọ̀ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ilẹ̀ gbígbẹ ló wà.

Nọ́ọ̀sì ni ọmọ wọn obìnrin, ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní erékùṣù yẹn. Ọkọ̀ èrò tó ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ kì í gbéra àfi tó bá kún, kì í sì í kún lásìkò. Ọ̀gá tuntun wá dé síbẹ̀. Bí aago mẹ́jọ bá ti lù, ọ̀gá yìí á fa ìlà pupa sínú ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fọwọ́ sí, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá bọ́ sábẹ́ ìlà ti pẹ́ nìyẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti gba lẹ́tà ìkìlọ̀ méjì. Bó bá gba ẹ̀kẹta, wọ́n á gbé e lọ sí ìhà Ẹ̀pẹ́. Bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀ ò lè dá dìde mọ́ nítorí ẹsẹ̀, òun nìkan ló ń gbé wọn dìde láàárọ̀ tó sì ń gbé wọn sórí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́. Kò sí bí èèyàn ṣe máa ṣiṣẹ́ ní Ẹ̀pẹ́ kó sì máa gbé ìyá rẹ̀ dìde ní Ọ̀jọ́.

Ó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọjọ́ kejì ìsinmi náà ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Òkòkòmáíkò, ó kúnlẹ̀ sáàárín irin, mo ní kó dìde kí aṣọ rẹ̀ má baà fàya.

"Bàbá kékeré, ẹ bá mi tún ọkọ̀ bàbá mi ṣe," ó ní. "Mo mọ̀ ọ́n wà. Àwọn fúnra wọn ló kọ́ mi."

Mo ní kò burú. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé títún nǹkan ṣe yàtọ̀ sí wíwọ̀ ọ́. Ẹni tó ń kan pósí, ṣé ó ń sùn sínú rẹ̀ ni?

Ẹ́ńjìnnì bàbá rẹ̀ ti dípẹtà, ṣùgbọ́n ó ti ra tòkunbọ̀ kan. "Fọ́tì" ni àwọn ará etí omi ń pè é nítorí pé agbára ẹṣin ogójì ló ní, ó sì tóbi ju ti àtijọ́ lọ dáadáa. A bẹ bàbá káfíńtà kan, ọmọ Ègùn, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó jẹ́ pé kò sí ọkọ̀ tó ń gúnlẹ̀ sí etí omi wa tí wọn ò tíì fi òòlù kàn rí. A lé adìyẹ, a yí ọkọ̀ padà. Bàbá fi àtàńpàkò tẹ pákó ẹ̀yìn, ìyẹn ibi tí ẹ́ńjìnnì ń so rọ̀, àtàńpàkò náà sì wọlé bí ẹni fi tẹ ẹ̀kọ tútù.

"Tí wọ́n bá so fọ́tì mọ́ èyí," wọ́n ní, "fọ́tì á dá lọ sí erékùṣù, ẹ̀yin á wà níbí."

Ìyẹn ni iṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá yọ pákó jíjẹrà náà kúrò pátápátá. Wọ́n fi igi líle dípò rẹ̀, wọ́n po kẹ́míkà, wọ́n ń tẹ́ fáíbà lé e lórí ní ìpele ìpele, wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ afẹ́fẹ́ jáde. Ọmọ wa kó sáńpépà, ó ń ha abẹ́ ọkọ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, títí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fi bó. Èmi ló kàn láti ṣe irin tó máa gba ẹ̀yìn pákó dúró, kí ìwúwo ẹ́ńjìnnì má baà tún fà á ya.

Mo ń fi ìka wọn ibẹ̀ nígbà tí bàbá ní kí n rí i pé mo mú nọ́ọ̀tì rẹ̀ le dáadáa, nítorí pé àwọn àti èmi la jọ máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni wọ́n sọ fún mi pé ní etí omi àwọn, ẹni tó bá fọwọ́ kan ọkọ̀ ní títúnṣe ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ gba omi kọjá kí èrò kankan tó gbé ẹsẹ̀ sí i. Bí ẹni náà bá kọ̀, kò sẹ́ni tó máa bá a ti ọkọ̀ sómi, nítorí pé ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ irú iṣẹ́ tó ṣe. Ọmọ wa ń ha abẹ́ ọkọ̀ lọ ní tiẹ̀, kò wo ojú mi. Ó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ náà mọ̀. Èmi nìkan ni àlejò.

Mo bi bàbá bóyá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ wà lára àwọn tí òfin yìí kàn.

"Àwọn yẹn ló ń mú nọ́ọ̀tì le jù," ni ìdáhùn wọn.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo jókòó ní Ìbà, mi ò lè jẹun. Ìyàwó mi ní bí mo ṣe ń wo omi inú ife yẹn, ṣé ó fẹ́ gbé mi lọ ni.

Nígbà tó di Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì, bàbá káfíńtà rìnrìn àjò lọ sí Àgbádárìgì fún ìsìnkú àna wọn, wọ́n ní àwọn á dé ní Sátidé. Wọ́n ní kí fáíbà gbẹ, kí n so irin ẹ̀yìn mọ́ ọn, kí n má ṣe nǹkan mìíràn. Ibi tí wọ́n ti ní kí n má ṣe nǹkan mìíràn yẹn ni etí mi ti di. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà tó sì ní ẹ̀rọ ìjórin, ẹ má fi òun àti ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Mo kọ́kọ́ ṣe ọ̀pá kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kí n lè ráyè dì í mú. Mo wò ó, mo ní bí ọkọ̀ bá fì sí òsì ńkọ́? Mo ṣe òmíràn sí òsì. Mo yọ pákó ìjókòó, mo fi àga irin méjì sí i, irú èyí tí mò ń ṣe fún bọ́ọ̀sì tó ń lọ Sẹ̀mẹ̀, mo de ẹsẹ̀ wọn mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ gbagbaagba. Òjò lè rọ̀, mo ṣe òrùlé, ọ̀pá mẹ́fà àti páànù. Lẹ́yìn náà mo ro ti ìgbì tó lè ti iwájú wá, mo jó irin pẹlẹbẹ kan dí ibẹ̀. Mo lọ sí Alábà, mo ra bátìrì tírélà àti fèrè tírélà, pé bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n lè gbọ́ mi dé báráàkì ṣọ́jà tó wà ní Ọ̀jọ́, kí àwọn ṣọ́jà bọ́ sómi wá yọ mí. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Bí mo bá ti so nǹkan kan mọ́ ọn, àyà mi á balẹ̀ fún bíi wákàtí kan, lẹ́yìn náà á tún bẹ̀rẹ̀, màá tún gé irin mìíràn.

Ọmọ wa yọjú láti inú ilé, ó rí òrùlé.

"Bàbá kékeré, ṣé kò ní pọ̀ jù báyìí?"

Mo bi í bóyá òun ni wẹ́dà. Ó ní rárá o, ẹ má bínú, sà. Ó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Bí ọmọ tí a kọ́ dáadáa ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ohun tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e dé Ẹ̀pẹ́ nìyẹn.

Ní Sátidé, a ké sí àwọn ọkùnrin tó máa gbé ọkọ̀ lọ sómi. Láyé ẹ̀gbọ́n mi, ènìyàn mẹ́fà ń gbé e láìmí gúlegúle. Mẹ́fà gbé e, kò mira. Wọ́n di mẹ́wàá. Ìgbà tí wọ́n pé mẹ́rìnlá ló tó kúrò nílẹ̀, wọ́n sì sinmi lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ẹ̀yìn ilé sí etí omi, ibi tí a lè ju òkúta dé. Bàbá káfíńtà ti dé láti Àgbádárìgì. Wọ́n rìn yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi ìka kan òrùlé.

"Wẹ́dà, ta ni wọ́n fẹ́ fi sẹ́wọ̀n?"

Gbogbo etí omi bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká tì í sómi ná. Wọ́n tì í. Ọkọ̀ náà lọ díẹ̀, ó jókòó, ó sì ń jókòó lọ. A ti so fọ́tì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kò sí èèyàn kankan nínú rẹ̀, síbẹ̀ ohun tó kù kí omi wọlé láti ẹ̀yìn ò ju ìka méjì lọ. Ọkọ̀ àwọn apẹja kan kọjá lọ́ọ̀ọ́kán, wọn ò sáré rárá, ìgbì kékeré tó ti ọ̀dọ̀ wọn wá sì gun ẹ̀yìn ọkọ̀ wa bí ìgbà tí àgbà ń wọ iyàrá tirẹ̀. Omi dé ẹsẹ̀ àga. Àwọn ọkùnrin mẹ́rìnlá tún bọ́ sómi, wọ́n fà á padà.

Bàbá ò pariwo. Wọ́n kàn ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bá ọmọ iléèwé sọ̀rọ̀: irin tí mo ń kó sínú bọ́ọ̀sì, ilẹ̀ ló ń bá mi gbé e. Omi ò bá ẹnikẹ́ni gbé ju ìwọ̀n tirẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tó bá fúyẹ́ ni ìgbì ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, èyí tó bá wúwo, inú rẹ̀ ni ìgbì ń gbà. Gbogbo ohun tí mo fi sí i kó má baà rì, òun gan-an ló fẹ́ rì í.

Ọmọ wa dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ká ọwọ́ rẹ̀ tó bó yẹn mọ́ra. Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú.

"Mọ́ńdè ni mo ń wọlé, Bàbá kékeré," ó ní jẹ́jẹ́.

Ẹ̀mí tèmi nìkan ni mo ti ń ṣọ́ láti Ọjọ́rú. Kò sí ọ̀pá kan nínú gbogbo ọ̀pá yẹn tí mo tìtorí tirẹ̀ ṣe.

Sọ́ńdè, dípò kí n wọ sùtánà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ìgérin lọ sí etí omi láti aago mẹ́fà àárọ̀. Mo gé òrùlé. Mo gé ọ̀pá ọ̀tún àti ti òsì. Mo tú àga. Bátìrì àti fèrè, mo kó wọn sílẹ̀ nínú iyanrìn. Bí mo bá ti gé ọ̀kan kúrò, àwọn tó jókòó sábẹ́ àgbọn á bi mí pé ẹ̀rù wo nìyẹn, màá sọ fún wọn: òjò nìyí, ìgbì iwájú nìyí, èyí tẹ́ẹ́rẹ́ yìí, ẹja ńlá ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, èmi náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, tàwọn tó kù kì í dùn ún púpọ̀.

Irin ẹ̀yìn nìkan ni bàbá jẹ́ kó kù. Wọ́n dá pákó ìjókòó padà. Wọ́n kó kẹ́ẹ̀gì òfìfo mẹ́wàá tí ìdérí wọn le, wọ́n dè wọ́n mọ́ abẹ́ ìjókòó, pé bí omi tiẹ̀ kún inú ọkọ̀, afẹ́fẹ́ inú kẹ́ẹ̀gì ò ní jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀. Gbogbo ààbò tí mo wá kiri Alábà, inú kẹ́ẹ̀gì epo tí wọ́n ti fọ̀ ló wà. Láífù jákẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, àjẹ̀ kan, abọ́ kan tí a máa fi gbọ́n omi. Ó parí. Ṣùgbọ́n gbogbo ihò tí mo lu síbi tí mo de irin mọ́, kẹ́míkà la fi dí wọn, ó sì gbọ́dọ̀ gbẹ di àárọ̀. Kò sí bí a ṣe máa gbé ọkọ̀ náà sómi ní Sọ́ńdè. Wíwọ̀ àkọ́kọ́ di àárọ̀ Mọ́ńdè.

Ní Mọ́ńdè, aago mẹ́fà kọjá, àwọn ṣọ́jà ń fun fèrè lọ́hùn-ún. Ènìyàn mẹ́fà gbé ọkọ̀, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ. Ó jókòó lórí omi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga. Ọmọ wa ti wọ aṣọ funfun, ó mú bàtà lọ́wọ́. Bàbá ní kó dúró ná, pé àwọn àti èmi á kọ́kọ́ lọ, a óò bọ̀, lẹ́yìn náà kó wá wọ̀ ọ́. A ṣírò rẹ̀: lílọ, bíbọ̀, lílọ, aago mẹ́jọ á ti kọjá.

"Bàbá, èmi náà tún un ṣe," ni ọmọ náà wí, ó sì na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí wọn.

Bàbá wo ọwọ́ yẹn. Wọ́n ní kò burú, kó wọlé. Kíá ni mo rí ọ̀nà tèmi. Mo ní bó bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni méjì tó ṣe iṣẹ́ náà ti tó, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi mí ṣe? Bàbá ṣàlàyé pé fọ́tì wúwo, pé bí àwọn méjèèjì bá jókòó sẹ́yìn, iwájú ọkọ̀ á gbé sókè bí imú ẹṣin, nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà níwájú tó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo ní kí a gbé àpò iyanrìn síbẹ̀. Mo tiẹ̀ ti rí ọ̀kan.

"Àpò iyanrìn ò tún ọkọ̀ ṣe," ni bàbá wí.

Mo wọlé. Bí mo ṣe wọlé ò yẹ kí ọmọ ẹnikẹ́ni rí i. Mo jókòó síwájú, mo kẹ̀yìn sí ibi tí a ń lọ, kí n lè máa wo ilẹ̀ tí a ń fi sílẹ̀. Ọmọ wa fa okùn ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì, ó dáhùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù, nígbà tí mo sì dé ibi tí mi ò mọ̀ mọ́, mo tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

A ti dé àárín nígbà tí ẹ́ńjìnnì kígbe, tó sì kú. Koríko omi ló wé mọ́ ọn. Bàbá gbé ìdí ẹ́ńjìnnì sókè, wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé koríko náà, ọkọ̀ ń fì lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ọkọ̀ èrò ńlá, èyí tí kì í kún lásìkò, kún lásìkò. Ó sáré kọjá lápá ọ̀tún wa, mo rí ìgbì tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó gùn, ó dúdú. Mo na ọwọ́ sí ọ̀pá tí mo ti gé. Afẹ́fẹ́ ni mo bá níbẹ̀. Mo fẹ́ dìde.

"Bàbá kékeré, ẹ má dìde. Ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀."

Ohùn tó fi sọ ọ́ kì í ṣe ohùn tí ọmọ fi ń bá bàbá rẹ̀ kékeré sọ̀rọ̀. Ohùn nọ́ọ̀sì ni. Mo bọ́ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, mo jókòó. Ọkọ̀ náà gòkè, ó dúró lókè fún ìwọ̀n ìgbà tí mo fi ronú kan gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi, ó sì sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́. Ìgbì gba abẹ́ wa lọ. Omi tó wọlé ò ju kọ́ọ̀bù kan lọ, orí itan mi ló sì dà sí, tó fi jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè bi mí nípa omi mìíràn tó bá wà níbẹ̀.

Bàbá gé koríko tán. Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè.

A gúnlẹ̀. Ọmọ wa fo sínú omi tó dé orúnkún rẹ̀, ó gbé bàtà sókè, ó ń lọ. Èmi náà tẹ̀ lé e pẹ̀lú láífù jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, nítorí pé mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ìwé yẹn. Aago ara ògiri fi ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún dín ní mẹ́jọ. Ọ̀gá jókòó, bírò pupa wà níwájú rẹ̀, ìdérí rẹ̀ ṣì wà lórí. Ọmọ wa kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìlà kìíní, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lókè rẹ̀. Ọ̀gá wo aṣọ rẹ̀ tó tutù, ó wo èmi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì, ó ní ẹ káàárọ̀, sà, ẹ jókòó, wọ́n máa dá yín lóhùn.

Ó rò pé aláìsàn ni mí. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn aboyún. Nígbà tó kàn mí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló so ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ apá mi, tó ń fún un, tó ń wo nọ́ńbà rẹ̀. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó bi mí ohun tí mo jẹ. Mo ní mi ò jẹ nǹkan kan, ipò àpò iyanrìn ni mo wà láti àárọ̀. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí pé ẹnu iṣẹ́ lòun wà, ó bá gbé e mì.

Bàbá káfíńtà yọjú láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n bi mí bóyá ká máa padà. Mo ní kí wọ́n bi nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ mi ru sókè, kò sì yẹ kí n gun omi títí òun á fi ṣíwọ́ ní aago méjì. Bàbá wo nọ́ọ̀sì, wọ́n wo èmi, wọ́n ní àwọn á wọ ọkọ̀ èrò lọ ní tàwọn. Mo na ẹsẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, mo sì sùn.